Ẹgbẹ́ GIA ní Àlgéríà: kí ló gbé wọn dìde, kí ló sì pa wọ́n rẹ́?

Gólíkípà_Ìbàdàn:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Bàbá mi kì í jẹ́ ká sunkún bọ́ọ̀lù lásán. Bí Super Eagles bá ti pàdánù báyìí, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin lẹ rò pé ìyà nìyí. Ẹ ò sí ńlẹ̀ ní 1990." Ìtàn Algiers dé nìyẹn. Àlgéríà nà wá ní 5-1 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n fi ṣí Ife Áfíríkà, a rún un mọ́ra, a jà títí a fi dé àṣekágbá, àwọn kan náà la tún bá níbẹ̀. Oudjani gbá ẹyọ kan sáwọ̀n, ó parí. Wọ́n ní ariwo tó sọ nínú pápá ìṣeré lọ́jọ́ náà, àfi bíi pé tẹlifíṣọ̀n fẹ́ bẹ́.

Mo wá ń wá fídíò rẹ̀ lọ́jọ́sí. Látorí bọ́ọ̀lù ni mo ṣe já sínú ogun. Oṣù kẹta 1990 ni wọ́n ń jó kiri ìgboro Algiers. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí gbogbo ẹ̀ fi dàrú. Mo rí orúkọ ẹgbẹ́ kan, GIA (Groupe Islamique Armé, ẹgbẹ́ Ìsìláàmù tó gbé ìbọn). Wọ́n já bàálù gbà, wọ́n gbé bọ́ǹbù sínú ọkọ̀ ojú irin ní Paris, wọ́n wọ abúlé lóru wọ́n sì fi ọ̀bẹ pa tọmọdé tàgbà. Nígbà tó máa fi di 2005, kò sẹ́ni tó ń gbúròó wọn mọ́.

Ohun tí mo ń béèrè gan-an ni pé, báwo ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí ènìyàn kó jọ? Kí ló sì dé tí wọ́n fi yọ́ dànù? Mùsùlùmí lèmi náà, n ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ ibí di pápá èébú ẹ̀sìn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni kó bá mi sọ ọ́.

Dáúdà_Ṣakí:

Kò le. Ológun ló pa wọ́n tán. Ẹni tó bá fi ìbọn sọ̀rọ̀, ìbọn náà ni kí wọ́n fi dá a lóhùn. Èyí tó kù, gírámà ni.

Ọmọ_Bílídà:

Ẹ̀gbọ́n Dáúdà, ẹ má bínú, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín, àmọ́ ìdajì ni.

Ọdún márùn-ún ni mo fi gbé Blida, 2009 sí 2014. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba tiwọn àti tiwa jọ ṣètò ló gbé mi débẹ̀, ẹ̀rọ omi ni mo kọ́. Inú agbami ogun yẹn gan-an ni Blida wà. Láti Médéa lórí òkè, títí kan Larbaa, Boufarik, Baraki, dé ẹ̀yìn Algiers, ilẹ̀ ọlọ́ràá kan ló tẹ́ rẹrẹ níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mitidja, ọsàn lọ súà. Igun mẹ́ta ikú làwọn oníròyìn ń pè é nígbà náà. Nígbà tí mo dé, òdòdó ni wọ́n ń tà kiri ìgboro, kò sí ìbọn, kò sí nǹkan kan. Ohun kan ṣoṣo tó yà mí lẹ́nu ni pé irin wà lójú gbogbo fèrèsé, títí dé àjà kẹta. Mo ń bi ara mi pé olè wo ló fẹ́ gun àjà kẹta.

Ní ọdún mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, mo gba yàrá lọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan. Ammi là ń pe bàbá náà, bí ẹni ń pe àbúrò bàbá ẹni. Awakọ̀ ni Ammi. Ọkọ̀ akẹ́rù Berliet kan ló fi ń kó ọsàn láti Boufarik lọ sí ọjà Algiers ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń pa ara wọn. Ohun tí mo mọ̀ nípa GIA, ìdajì ẹ̀ ni mo kà, ìdajì tó kù wá láti ẹnu Ammi, nígbà tí kọfí bá ti tán tí ìyàwó rẹ̀ sì ti wọlé lọ sùn.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri. Ní èdè Lárúbáwá ti Algiers, "hit" ni ògiri. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi ti ògiri láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ni wọ́n ń pè ní "hittiste". Ẹ jẹ́ ká sọ pé àwọn onígiri. Epo rọ̀bì ni ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú FLN fi ń bọ́ ìlú láti ìgbà tí òmìnira ti dé ní 1962, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, kò sí ẹlòmíì. Owó epo já lulẹ̀ ní 1986. Iṣẹ́ tán, oúnjẹ gbówó lórí. Ní oṣù kẹwàá 1988, àwọn onígiri kúrò lára ògiri, wọ́n ya sí títì, ológun sì da ìbọn bò wọ́n. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló bá a lọ. Ìgbà yẹn ni Ààrẹ Chadli Bendjedid gbà kí ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn wà, FIS, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn tó fẹ́ ìjọba Ìsìláàmù, sì jáde ní 1989. Àgbà ọ̀jẹ̀ wọn ni Abbassi Madani. Ẹni tó ń mú orí àwọn onígiri wú ni Ali Belhadj, oníwàásù ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé bó bá gbẹ́nu sókè, mọ́sálásí kì í gba èrò.

Ẹni tó bá ní ìwàásù nìkan ló gbé FIS wọlé, kò tíì rí ebi rí. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Tipaza lọ́dún 1989, bùláńkẹ́ẹ̀tì àti oúnjẹ tiwọn ti débẹ̀ kí ìjọba tó gbára dì. Wọ́n mú èyí tó ju ìdajì lọ nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní June 12, 1990. Bẹ́ẹ̀ ni, June 12. Mo mọ̀ pé ara yín á bù máṣọ. Nígbà tó di ìbò ilé aṣòfin ní December 26, 1991, àga 188 nínú 430 ni wọ́n mú ní ìpele àkọ́kọ́. 28 péré ló kù kí wọ́n gba ilé. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kìíní ló yẹ kí wọ́n dìbò ìpele kejì. Chadli fipò sílẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlá, ológun gba ìlú, wọ́n wọ́gi lé ìbò, wọ́n fòfin de FIS, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ẹgbẹ́ lọ sí àgọ́ nínú aṣálẹ̀ Sàhárà. Ẹni tó bá rántí ohun tí ojú MKO rí ní ọdún kan àbọ̀ lẹ́yìn náà, n kò ní láti ṣàlàyé fún un bó ṣe ń dun ni tó.

Ibí yìí lọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń pa ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ra: GIA kì í ṣe FIS. Àwọn ọmọ FIS tó gbé ìbọn ń sọ pé ẹ dá ìbò wa padà fún wa. Àwọn ló wá di AIS ní 1994. GIA ní ìbò fúnra rẹ̀ kèfèrí ni. Ọ̀rọ̀ ìgbéraga wọn ni pé kò sí ìfikùnlukùn, kò sí ìlàjà, kò sí ìsinmi ogun. Mélòó kan nínú wọn ti lọ jagun ní Afghanistan, àmọ́ ẹ má rò pé àlùfáà ńlá ló ń darí wọn. Abdelhak Layada, ọ̀kan nínú àwọn olórí àkọ́kọ́, panẹ́ẹ̀lì bítà ni ní Baraki. Djamel Zitouni tó di olórí ní 1994, ọmọ ẹni tó ń ta adìyẹ ni, ní Birkhadem. Antar Zouabri tó tẹ̀ lé e kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Àwọn onígiri náà nìyẹn. Ẹni táyé ò kà sí, a gbé ìbọn lé e lọ́wọ́, a fi í ṣe ẹ́mírì àdúgbò. Ta ni kò ní gbà?

Àárín 1993 sí 1994 ni wọ́n wú jù. Wọ́n fún gbogbo àlejò òyìnbó ní gbèdéke pé kí wọ́n kúrò nílùú kó tó di December 1993, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn tó kù. Òǹkọ̀wé, oníròyìn, olùkọ́, kò sẹ́ni tí kò sí nínú ewu. Òǹkọ̀wé Tahar Djaout ni wọ́n yìnbọn lù ní oṣù karùn-ún 1993. Àní Cheb Hasni, tó ń kọrin raï fún àwọn olólùfẹ́, wọ́n yìnbọn pa á ní Oran ní oṣù kẹsàn-án 1994. Nínú oṣù karùn-ún ọdún náà, àwọn àgbà FIS mélòó kan, Mohammed Saïd àti Abderrezak Redjam, wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Ó wá dà bíi pé wọ́n máa gba ìlú. Ammi ní àwọn kan lójú pópó tiwọn ti ń dá irùngbọ̀n sí de ọjọ́ náà.

Ìyàwó Ammi (mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbé èyí dé ibòmíì) ń yan kesra fún wọn ní 1993. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ ni kesra, orí agbada amọ̀ ni wọ́n ti ń yan án. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọmọkùnrin kan á wá gbé e láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Màmá náà ò pè wọ́n ní ọlọ̀tẹ̀, ò pè wọ́n ní jagunjagun. "Ọmọ àdúgbò wa" ló ń pè wọ́n. Ó ti gbé méjì nínú wọn pọ̀n rí.

Ẹ̀gbọ́n Dáúdà, ẹ fi ọkàn sí kesra yẹn. Orí ẹ̀ ni ìdáhùn mi wà.

Ìyá_Ìbejì_Ẹdẹ:

Ọmọ Bílídà, o ṣeun, ọ̀rọ̀ rẹ ń wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n mo ti kà á níbì kan pé nígbà tí wọ́n ń pa àwọn ará Bentalha, lẹ́yìn Algiers, sójà wà nítòsí, wọn ò sì yọjú. Àwọn kan tiẹ̀ ń sọ pé ìjọba fúnra rẹ̀ ti ki ènìyàn tirẹ̀ bọ inú GIA. Ṣé ká má lọ máa di ẹrù gbogbo lé ẹnìkan lórí?

Ọmọ_Bílídà:

Màmá Ìbejì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìbéèrè yín ni gbogbo ará Àlgéríà ń bi ara wọn, wọ́n tiẹ̀ sọ ọ́ di àpèjúwe ní Faransé: "qui tue qui", ta ló ń pa ta. Ẹ jẹ́ n fi ti bàtà dá yín lóhùn ná.

Lásìkò náà, GIA máa ń gbé igi dínà bíi ti ológun. Aṣọ sójà, ìbọn sójà, wọ́n á ní kí o mú ìwé ọkọ̀ wá. Tí wọ́n bá rí káàdì ológun tàbí ti ọlọ́pàá lára rẹ, ọ̀bẹ ni. Ohun tí àwọn awakọ̀ ń kọ́ ara wọn ni pé kí o má wo ojú, ẹsẹ̀ ni kí o wò. Tó bá jẹ́ bàtà sójà, o lè mí. Tó bá jẹ́ kánfáàsì, bẹ̀rẹ̀ kálímà.

Alẹ́ ọjọ́ kan ní 1995, wọ́n dá Ammi dúró lójú ọ̀nà Boufarik. Iná ọkọ̀ tàn sórí ẹsẹ̀ ọkùnrin mẹ́rin. Ammi ka bàtà wọn: mẹ́ta wọ bàtà sójà, dúdú, okùn rẹ̀ so dáadáa. Ẹnì kẹrin wọ kánfáàsì funfun tó ní ilà pupa, àtàǹpàkò sì ti ń yọjú lára tọ̀tún. Wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n béèrè ibi tó ń lọ. Wọ́n gba owó tó wà lápò rẹ̀, wọ́n sọ àpótí ọsàn mẹ́fà kalẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ. Ẹni tó wọ kánfáàsì ló sọ pé "Ọlọ́run á dáàbò bò ẹ́." Ammi ní òun wa ọkọ̀ dé Algiers lórí jíà kejì nítorí ẹsẹ̀ òun ń gbọ̀n lórí kílọ́ọ̀ṣì. Títí tí mo fi kúrò nílé bàbá yẹn, kò tíì mọ̀ bóyá GIA ló gba owó rẹ̀ tàbí sójà tí bàtà rẹ̀ ti bàjẹ́.

Nítorí náà, màmá, mi ò ní parọ́ fún yín pé ọ̀kan mọ́, èkejì dọ̀tí. Ní Bentalha, òru ọjọ́ kejìlélógún mọ́jú ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án 1997, wọ́n lo wákàtí púpọ̀ níbẹ̀, láti ilé dé ilé. Àwọn ènìyàn sá gun orí òrùlé, wọ́n ń ju bíríkì sílẹ̀. Sójà wà nítòsí, wọn ò wọlé títí àwọn apànìyàn fi lọ. Ìjọba ní 85 ló kú. Amnesty International ní ó lé ní 200. Ní Raïs, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, bákan náà ló rí. Àwọn ológun kan tó sá kúrò nílùú ní iṣẹ́ ọlọ́pàá inú ló ń darí àwọn kan nínú GIA. Ìjọba ní irọ́ ni. Ilé ẹjọ́ kankan kò tíì jókòó lé e kó sọ bó ṣe jẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí agbófinró wá mú nílé wọn ni kò padà délé di òní. Mo rí àwọn ìyá wọn ní Algiers, wọ́n gbé fọ́tò ọmọ sáyà, ọlọ́pàá sì ń tì wọ́n kúrò lójú títì.

Mo fi èyí kún un kí ẹ lè mọ ìdí tí Ammi kì í fi sọ̀rọ̀ tí fèrèsé bá ṣí. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2006 lẹ́yìn ìwé àdéhùn ìlàjà sọ pé ẹni tó bá ń fi ọgbẹ́ ogun náà bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta sí márùn-ún jura. Ká bínú, kò gbọdọ̀. Ká béèrè, kò gbọdọ̀.

Ṣùgbọ́n ti GIA, àwọn fúnra wọn fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n jẹ́. Ní 1997, nígbà tí Zouabri ń darí, wọ́n gbé ìwé jáde pé gbogbo ará Àlgéríà tí kò bá tẹ̀ lé àwọn ti di kèfèrí. Gbogbo ìlú o! Ẹni tó ń kírun wákàtí márùn-ún, tó lọ sí Mẹ́kà, kèfèrí ni, bí kò bá ti gbé kesra wá.

Dáúdà_Ṣakí:

Ó dáa, mo gbọ́. Ta ló wá pa wọ́n tán nígbà náà? Kesra?

Ọmọ_Bílídà:

Ẹ ń bú mi ni, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ẹ ò jìnnà sí i.

Ẹ jẹ́ ká fún ológun ní ẹ̀tọ́ wọn kọ́kọ́. Wọ́n lówó. Ogun ń jó lápá àríwá, epo àti gáàsì sì ń ṣàn lápá gúúsù, ní Hassi Messaoud, níbi tí wọ́n ti fòfin dé ẹnikẹ́ni tí kò níwèé àṣẹ láti 1995. Wọ́n tún lọ tún gbèsè ìlú ṣe ní 1994, owó wọlé. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ gba orílẹ̀-èdè kò rí ọwọ́ kan àpò rẹ̀ rárá. Kókó ni èyí, kì í sì í sábà jáde nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ.

Àmọ́ ìbọn nìkan ti wà láti 1992, kò sì pa wọ́n. Wọ́n tilẹ̀ ń pọ̀ sí i ni. Ohun tó yí padà ni ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn. Ní 1993, ìyàwó Ammi ń yan kesra tinútinú. Ní 1994, wọ́n ní iye tó gbọ́dọ̀ yan. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí ọkọ rẹ̀ máa san owó lórí ọkọ̀. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mu sìgá mọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ta ìwé ìròyìn Faransé, kí àwọn ọmọ má lọ sílé ìwé. Àwo tẹlifíṣọ̀n orí òrùlé, "parabole" lorúkọ rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di "paradiabole", ti èṣù. (Ẹ̀fẹ̀ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín títí Ammi fi sọ fún mi pé wọ́n pa aládùúgbò àwọn kan nítorí pé kò tú tirẹ̀ sílẹ̀.) Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń béèrè ọmọbìnrin. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n béèrè ọmọbìnrin ilé kejì, Ammi lọ pe alágbẹ̀dẹ. Irin tí mo bá lójú fèrèsé àjà kẹta nìyẹn. Ọmọ àdúgbò ni wọ́n ń fi irin yẹn tì síta.

Láàárín ara wọn náà, wọ́n ti ń jẹ ara wọn. Mohammed Saïd àti Redjam tó wá dara pọ̀ ní 1994, Zitouni pa àwọn méjèèjì ní 1995, ó ní wọ́n fẹ́ gba ẹgbẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Nǹkan tó ń ṣe lókè òkun náà kò ràn án lọ́wọ́: bàálù Air France tí wọ́n já gbà ní December 24, 1994, àwọn ọmọ ogun Faransé fọ́ wọ inú rẹ̀ ní Marseille ní ọjọ́ kejì Kérésì, wọ́n pa àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bọ́ǹbù Saint-Michel ní Paris ní oṣù keje 1995 pa ènìyàn mẹ́jọ, àwọn ọmọ Àlgéríà tó ń gbé lọ́hùn-ún ló sì fi ojú gbolẹ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n jí àwọn mọ́ńkì Kátólíìkì méje gbé ní Tibhirine ní oṣù kẹta 1996, tí a sì rí orí wọn ní oṣù karùn-ún (ìjà ṣì wà lórí ẹni tó ṣe é gan-an), àwọn onímọ̀ tó ń kọ ìwé ìròyìn fún GIA ní London pàápàá gbọn ara wọn nù nínú oṣù kẹfà. Oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn ọlọ́tẹ̀ bíi tirẹ̀ ló dènà de Zitouni tí wọ́n pa á. Kì í ṣe ológun, ẹ̀gbọ́n Dáúdà.

Ìjọba náà rí i pé àwọn ará abúlé ti ń korò lójú. Wọ́n fún wọn níbọn. "Patriote" ni wọ́n ń pe àwọn tó gbà á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí GIA ti pa ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n mọ gbogbo ihò inú òkè, wọ́n sì mọ ilé ìyá ẹni tó ń sá. Àwọn náà ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n ọmọ òkè kò lè sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun mọ́.

Àwọn AIS ti fọ̀rọ̀ wérọ̀ pẹ̀lú ológun lábẹ́lẹ̀. Madani Mezrag, olórí wọn, kéde pé àwọn á dáwọ́ dúró láti October 1, 1997. Bentalha ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kejì ìkéde yẹn gan-an, ẹ fúnra yín ẹ ro ó. Ní 1998, Hassan Hattab kó tirẹ̀ jáde kúrò nínú GIA nítorí pípa ará ìlú, ó dá GSPC sílẹ̀. (Àwọn yẹn ló di al-Qaeda ti Màghríbù ní 2007, tí wọ́n ń yọ Mali lẹ́nu. Ìyẹn ìtàn mìíràn ni.) Bouteflika gba ìjọba ní 1999, ó ní ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ tí kò pànìyàn, tí kò fipá báni lò pọ̀, tí kò sì gbé bọ́ǹbù síbi èrò pọ̀ sí, kó máa lọ sílé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ju ìbọn sílẹ̀. Ẹni tó kù sínú GIA, ẹni tí kò níbi tó máa padà sí ni. Àwọn agbófinró pa Zouabri ní February 2002, inú ilé kan ní Boufarik, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti bí i. Lẹ́yìn ẹ̀, orúkọ lásán ló kù.

Lápapọ̀, iye tí wọ́n máa ń kà jù fún òkú ogun yẹn ni 150,000 sí 200,000.

Gólíkípà_Ìbàdàn:

Ẹ̀gbọ́n Bílídà, Ọlọ́run á san yín lóore. Mo kà á fún bàbá mi látòkè délẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni pé àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ yẹn dà? Ṣé wọ́n kàn lọ sílé báyìí ni? Níbo?

Ọmọ_Bílídà:

Ẹ bá mi kí bàbá. Sọ fún wọn pé pápá yẹn ṣì wà ní Algiers, orúkọ rẹ̀ ni July 5, mo ti wọ ibẹ̀ wo bọ́ọ̀lù, mi ò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà ni mí.

Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lọ sílé. Layada fúnra rẹ̀, panẹ́ẹ̀lì bítà yẹn, ilé ẹjọ́ ti dájọ́ ikú fún un. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní 2006. "Tā'ib" ni wọ́n ń pe irú wọn, ẹni tó ronú pìwà dà. Àwọn kan ń wa takisí, àwọn kan ń ta aṣọ. O lè wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú wọn kí o má mọ̀.

Ìlú tó mọ zlabia dín jù ní Àlgéríà ni Boufarik. Ìyẹ̀fun ni, wọ́n á dín in gígùn-gígùn bí ìka ọwọ́, wọ́n á rì í sínú omi dídùn, ó ń tàn yinrin. Nígbà Rọ̀mọ̀dáànù, èrò á tò láti Algiers wá. Ní ààwẹ̀ kejì tí mo ṣe nílé Ammi, màmá ní kí n lọ bá òun ra kílò méjì, ó sì dárúkọ ṣọ́ọ̀bù tí mo gbọ́dọ̀ lọ. Mo lọ. Ọkùnrin tó wọ̀n ọ́n fún mi ti ń hewú nírùngbọ̀n, ó rọra ń dì í sínú bébà kí omi rẹ̀ má baà dà sí mi láṣọ. Ó béèrè ilé tí mo ń gbé. Mo sọ fún un. Ó kó márùn-ún sí i lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kí n bá òun kí "Khalti". Bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò ìyá ẹni nìyẹn.

Nígbà tí a ṣínu tán, màmá gbé àwo zlabia sáàárín tábìlì, ó sì mú èyí tó wà lókè. Ammi wo bébà tí wọ́n fi dì í wá, ó ka orúkọ tó wà lára rẹ̀, ó ti àwo náà sún mọ́ mi. Ó ní tíì nìkan ti tó òun. Màmá kò sọ nǹkan kan, ó ń jẹ tirẹ̀ lọ.